Iná Pupa Tí Ẹ̀gbọ́n Rí Tí Kò Sọ

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin kan jọ ń ṣiṣẹ́ ní oko ńlá kan. Àbúrò ló ń wa katakata. Ọwọ́-kì-í-gbọ̀n ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí kò lè wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń jókòó ní ọ́fíìsì, nídìí kọ̀ǹpútà. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń pè é.

Iṣẹ́ Àǹtí kì í ṣe kékeré. Wọ́n ti so àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí kò ní wáyà mọ́ táyà, bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì gbogbo ọkọ̀ oko náà. Ibi yòówù tí ọkọ̀ bá wà, àwọn ẹ̀rọ yìí á máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà: ọ́ìlì tèyí ti fẹ́ tán, táyà tọ̀hún ti rọ̀. Bí ewu bá fẹ́ dé, iná pupa á tàn, Àǹtí á sì tètè pe awakọ̀ lórí fóònù pé kó dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn ẹ̀rọ náà dé, ọkọ̀ kì í ṣàdédé dákú sáàárín oko mọ́.

Ṣùgbọ́n owú ń jẹ Àǹtí. Àbúrò tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn, tí ó nu ikun imú rẹ̀, òun ni ọ̀gá oko ń yìn. Òun ló lọ́kọ, òun ló bímọ. Àǹtí ṣì ń dá gbé. Kódà bí ìyá wọn bá pè é lórí fóònù, kò ní pẹ́ tí á fi bèèrè pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, Mọ́mì," Àǹtí á ní, á sì rọra gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Ẹ má rò pé aláìgbàgbọ́ ni lójú ayé o. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù. Ẹnu ló fi mọ Jésù. Ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá oko wọ ọ́fíìsì tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àǹtí, ẹ kú oríire o! Ọmọ ìyá yín ti di olórí àwọn awakọ̀!" Àǹtí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni iná pupa tàn. Bíréèkì katakata àbúrò rẹ̀ ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹrù àgbàdo sì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámú. Kò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àǹtí mú fóònù. Ó wò ó. Ó tún gbé e kalẹ̀.

"Jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́," ó sọ nínú ara rẹ̀. "Kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n." Ó yíjú sí fèrèsé.

Ìtìjú lásán ló fẹ́ kó bá a. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kì í dúró níbi tí a bá ní kó dúró. Bíréèkì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, katakata já wọ kòtò, ó dojú dé. Nígbà tí igbe ta, Àǹtí sáré jáde láìwọ bàtà. Wọ́n ti ń fa àbúrò rẹ̀ yọ lábẹ́ irin. Itan rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ kú mọ́ Àǹtí nínú. Ó dìde láti bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin, ohùn kọ̀, kò jáde. Ó ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kò lè wo ojú aláìsàn. Nígbà tí kò rí ara gbà á sí mọ́, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ilé ìwòsàn náà, ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Mo rí iná pupa yẹn," ó ní. "Mo rí i, mi ò pè ọ́. Owú rẹ ló ń jẹ mí."

Omijé ń bọ́ lójú àbúrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀. Mẹkáníìkì sọ fún mi pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà, ó ránṣẹ́. Mo sì mọ̀ pé ẹ kì í kúrò nídìí kọ̀ǹpútà."

"O mọ̀, o sì ń jẹ oúnjẹ tí mò ń gbé wá?"

"Ó kọ́kọ́ dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n lé yín dànù. Ṣùgbọ́n Jésù tó dárí tèmi jì mí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo kú fún yín o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìdáríjì tèmi kò lè fọ ọkàn. Ẹ lọ bá Ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí yín."

Lórí sìmẹ́ńtì tútù níbẹ̀, Àǹtí sunkún bí ọmọdé. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: "Jésù, apànìyàn ni mí nínú ọkàn. Mi ò ní àwáwí. Gbà mí." Jésù sì gbà á. Ohun tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láyà láti ọjọ́ pípẹ́ wá ṣí kúrò.

Ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá oko. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ fífọ̀ ni wọ́n fi í sí. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ọ̀pá tiro wọ ọgbà oko padà, Àǹtí ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbá a mọ́ra. "Olórí awakọ̀, ẹ káàbọ̀!" ó ní. Inú rẹ̀ dùn dénú egungun.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Ire ta ló ń dùn ọ́? Ti ọmọ ìyá rẹ ni? Ti orogún rẹ? Àbí ti ẹni tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó wá di ọ̀gá lórí rẹ? O lè máa sọ pé o kò ṣe é níbi. Ọlọ́run mọ ohun tí o fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i.

Orin tí ò ń kọ kò lè gbà ọ́. Má dúró títí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan yóò fi ta sílẹ̀. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà, sọ ọ́ fún Jésù bó ṣe rí, má yọ ọ̀kan kúrò. Kò lé obìnrin yìí, kò ní lé ìwọ náà. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ké pè é nísinsìnyí.