Téèpù Kẹtàlá

Ibi tí ọkùnrin náà ti rẹ́rìn-ín ló mú kí obìnrin náà yíjú wò ó. Kì í ṣe ẹ̀rín rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ta ni kì í rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀rọ amúlétutù ló wá tún ṣe ní yàrá tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń kó téèpù sí. Obìnrin náà ló ń tọ́jú àwọn téèpù ọ̀hún, ó sì ń yẹ ọ̀kan wò lọ́wọ́: eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan, nípa àwọn mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá péré ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn èèyàn ò kà á sí. Ìwọ̀nba àwọn tó sì wò ó, ọ̀gá tó máa ń pariwo nìkan ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin yìí ò ka ọ̀gá kún. Ìgbà tí Ìyá Dákẹ́, àgbàlagbà tó ń ká aṣọ lọ́ọ̀ọ́kán tí kì í sọ̀rọ̀, gbójú sókè wo ọ̀gá, tó tún rọra gbójú sílẹ̀, ìgbà náà ló bú sẹ́rìn-ín, tí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ eré yìí ni?" obìnrin náà bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀! Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lápapọ̀ leré yẹn. Ẹ yọ ẹnì kan kúrò, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣáà wo akọ̀wé, bó ṣe ń dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín tán."

Ó pẹ́ tí obìnrin náà ti ń wá ẹni tí wọ́n á jọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe di olókùnrùn nìyẹn o. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń bàjẹ́, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni atúnẹ̀rọṣe ń dé, téèpù kan lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n fi dé orí ìkẹfà, "ẹ" ti di "o", "o" sì ti di "olólùfẹ́ mi". Nígbà tó di ìkẹwàá, ọkùnrin náà ti mú un lọ kí ìyá rẹ̀.

"Ìkẹtàlá nìkan ni mi ò rí rí," ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní Ìyá Dákẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ló sọ?"

"Mò ń tọ́jú ìyẹn dọjọ́ ìgbéyàwó wa, olólùfẹ́ mi."

Irọ́ gbuu. Eré kẹtàlá ò sí mọ́. Nígbà tí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n máa gba nǹkan míì sílẹ̀ sórí téèpù eré tí kò lérò. Ẹni tuntun ni, kò lè jiyàn. Ó wo ìkẹtàlá lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gba ìdíje bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ lé e lórí.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ lo oṣù kan. Lọ́sẹ̀ kẹtàlá, atúnẹ̀rọṣe dé ṣáájú rẹ̀, ara ò gbà á, ó fa téèpù tí wọ́n kọ ìkẹtàlá sí lára yọ, ó fi í sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo téèpù. Ọkùnrin méjìlélógún ló ń sáré lórí pápá nígbà tí obìnrin náà wọlé.

"Ṣé bọ́ọ̀lù ni Ìyá Dákẹ́ gbá ni?" Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà jẹ́wọ́. "Ẹ̀rù bà mí ni. Mo rò pé o ò ní wá mọ́."

"Kì í ṣe téèpù ló dùn mí. O wò mí lójú, o purọ́ fún mi."

Ẹni tó ń dọ́gbọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ń dùn kì í rí tara rẹ̀. Ó palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó lọ.

Ìyá ọkùnrin náà gbọ́, ó sì dájọ́: "Obìnrin tó lè tìtorí tẹlifíṣọ̀n purọ́, tí ọ̀rọ̀ gidi bá wá dé ńkọ́? Má mú un wá síbí mọ́."

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Yàrá tutù rinrin, obìnrin náà sì jókòó sínú òtútù, ó ń sunkún. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gba ilé wọn lọ. Ìyá àtọmọ wà ní pálọ̀.

"Ẹ káàsán mà. Mi ò wá ṣàlàyé. Ìkẹtàlá ni mo wá ṣe."

Kí wọ́n tó lè lé e, ó ti di ọ̀gá, ó ń pariwo. Ó di akọ̀wé, ó dúró de ẹ̀rín. Ó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì, ẹni mẹ́fà nínú ara ẹyọ kan. Ìyá kọ́kọ́ fún ẹnu pọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín borí rẹ̀, ó di apá àga mú.

Ó wá kan Ìyá Dákẹ́. Obìnrin náà gbójú sókè. Atúnẹ̀rọṣe ti sún wá sí etí àga.

Ohunkóhun tó bá sọ níbẹ̀, wọ́n á gbà á. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́.

"Mi ò rántí," ó wí. "Mo rántí pé gbogbo wọn dákẹ́ nígbà tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mi ò rántí. Mo lè hùmọ̀ ọ̀kan, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́."

Ọkùnrin náà dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Má hùmọ̀ nǹkan kan," ó wí. "A ó jọ máa gbé láìmọ̀ ọ́n."

Ìyá nu ojú rẹ̀. "Ṣé ìgbéyàwó lẹ̀ ń sọ yẹn, àbí eré ṣì ń lọ? Ẹ dájọ́ o jàre, kí n mọ ohun tí n ó wí fún mọ̀lẹ́bí."