Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́tàdínlógún

Lórí eékún ni Tíṣà ti kọ́kọ́ rí i, lábẹ́ tábìlì kíláàsì, tí lẹ́búlẹ́bú igi bo orí rẹ̀ bí ẹni tó hewú lọ́sàn-án kan. Káfíńtà tí wọ́n pè wá tún àga ṣe ni. Ó na ọwọ́ jáde: ìlẹ̀kẹ̀ pupa mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, mà?"

Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun kọ́ àwọn ọmọ bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Wọn á dijú, wọn á mú un ní méjì-méjì, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á dá a padà sínú dúróà tábìlì rẹ̀. Ó ti sọ̀yà fún wọn: bí agbo ẹ̀dá tí ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí dúró fún bá pọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò jáde, tí àwọ̀ ò yí padà, tí ọ̀kan ò kú ju èkejì lọ, tí a ò sì ṣà wọ́n yàn, ìran dé ìran, ìdá pupa kò ní yẹ̀. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni pupa ń dín, àwọn ọmọ sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Òótọ́ lẹ kọ́ wọn," ni káfíńtà wí. "Dúróà yín ló ń jò. Pupa kéré díẹ̀ sí funfun, wọ́n ń jáde láìgbàṣẹ."

"Ta ló kọ́ yín ní bàólójì?"

"Ojú wíńdò ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yín. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń tún àga kan ṣoṣo ṣe."

Ẹ̀rín pa Tíṣà. Mélòó la rí nínú ẹni tó ń rí ohun tó sọnù, tó ń kà á, tó sì ń dá a padà? Kí òjò tó dá lọ́dún náà, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Bàbá Tíṣà, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìṣirò, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Dókítà, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ń dúró dè ọ́, o wá ń sọ̀rọ̀ onígi fún mi! Ilé alákọ̀wé nilé wa. Bá a ṣe wà la ó máa wà."

"Bàbá mi, kí nǹkan tó lè dúró bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yàn. Èmi kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, sà. Mo ti yàn."

Oṣù méjì ni Bàbá fi yan ọmọ rẹ̀ lódì. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà gbé àpótí kékeré kan wá, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá da ìlẹ̀kẹ̀ Tíṣà sínú àpótí náà, ó dé e, ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbọ̀n ọ́n. Ó fi èékánná wá àlàfo títí, kò rí.

"Ìṣó dà?"

"Kò sí ìṣó, sà. Igi ló di igi mú."

Bàbá tún gbọ̀n ọ́n létí. "Hùn. Kò jò." Ó gbójú sókè wo Tíṣà. "Ìwọ ọmọ yìí, wá gba àpótí rẹ."

Káfíńtà gba àpótí náà lọ́wọ́ Bàbá, ó ṣí ìdérí. "Ó yá, Tíṣà mi, dijú kó o mú."

Tíṣà kò dijú. Ó na ọwọ́ kọjá gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà, lójú bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ tó gbé àpótí mú.