Kànga Ilé Bàbá Múdàṣírù

Ní ilé Bàbá Múdàṣírù ní Ìsọlọ̀, ìró korobá tó ń gbá ara kànga ló máa ń jí àwọn ayálégbé. Obìnrin á tò, ọmọdé á tò. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ fà.

Àkókò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Èkó ni. Ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú, àwọn èèyàn sì ń ti Abẹ́òkúta àti Ìsẹ́yìn wá wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ò tíì dé àdúgbò yẹn. Omi kànga ni gbogbo ilé ń mu.

Ìsíátù, tó ń ránṣọ ọmọdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé náà, ní ọmọ kékeré kan, Sàfúrátù. Ìgbẹ́ gbuuru kì í jẹ́ kí ọmọ yìí gbádùn. Yóò san lónìí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ti Lucy, tí òun náà ń gbé ilé yìí, ìyàwó Akínbọ̀wálé tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ló burú jù. Irú àìsàn yìí kan náà ló pa ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà òjò.

Gbogbo wọn ló gbà pé àwọn mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé wọn tó ń pa aṣọ láró. Omi aró rẹ̀, pupa lónìí, búlúù lọ́la, ń ṣàn nínú gọ́tà wọn. Wọ́n lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ títí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń lé wọn padà.

Bó ṣe rí nìyí nígbà tí Dókítà Olúyínká Babáṣọlá, olùkọ́ ní yunifásítì kan ní Èkó, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Inú Bàbá Múdàṣírù dùn, ó gbé àga fún wọn. Olùkọ́ náà ní àwọn fẹ́ bu omi kànga lọ yẹ̀ wò. Ìsíátù dúró síwájú kànga, kò kúrò.

Ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àwọn kan ti wá rí bíi tiyín. Wọ́n béèrè ohun tí à ń jẹ, iye ọmọ tí a bí, ibi tí à ń yàgbẹ́ sí. A dá wọn lóhùn. Títí dòní a ò gbúròó wọn mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọmọ Lucy kú. Bí wọ́n bá ti mọ ohun tó ń ṣe wá, kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?”

Olùkọ́ náà kò wá àwíjàre. Ó fi àga sílẹ̀, ó jókòó lórí korobá kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí àwọn náà ń fẹ́. Àwọn obìnrin ní kó padà wá sọ àbájáde náà fún gbogbo ilé ní Yorùbá, ìbáà dùn, ìbáà korò. Lucy ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tó wà nínú omi náà. Olùkọ́ náà gbà. Ìgbà náà ni Ìsíátù tó yẹra fún wọn.

Nígbà tí àyẹ̀wò parí, Lucy àti Ìsíátù bá wọn lọ sí yunifásítì. Felicia, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá hàn wọ́n. Lucy fojú sí i, ó rí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń rìn nínú omi kànga wọn, ó sì pẹ́ kó tó gbórí sókè.

Ó béèrè pé, “Ṣé àwọn wọ̀nyí ni?”

Felicia ní, “Àwọn ni, àǹtí.”

Lucy tún fojú sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé pé jọ, olùkọ́ náà sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Òótọ́ ni pé omi aró kò dára, òun ló ń fa ara yíyún fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré létí gọ́tà. Ṣùgbọ́n omi aró kò tíì dé inú kànga. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ló wà níbẹ̀, òun ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ṣáláńgá ilé náà ló sún mọ́ kànga jù, òkè sì ni ó wà sí i. Nígbà òjò, ìdọ̀tí ibẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga.

Bàbá Múdàṣírù ló gbẹ́ ṣáláńgá náà. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù ba àwọn ayálégbé. Onílé tó níwà ni bàbá yìí, kì í fi owó ilé ni ẹnikẹ́ni lára. Yàrá sì ti wọ́n ní Ìsọlọ̀, bí ó bá sì bínú lé wọn jáde, ẹni tó máa san ìlọ́po méjì kò jìnnà. Àwọn kan ti ń sọ pé kí àwọn ará yunifásítì máa lọ.

Lucy ló kan ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi mọ́tò yín gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù. Mi ò gbàgbé, mi ò sì bá yín bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ tún gbé ọmọ ẹlòmíràn lọ.”

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti sunkún. Ó ní, “Èmi ni mo yan ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó léwu.”

“A ò mọ̀ ni, Bàbá. Gbogbo wa la ò mọ̀.”

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ di tiwọn lápapọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà bá Bàbá wọn ilẹ̀, wọ́n rí ibi tó jìnnà sí kànga, tó sì rẹlẹ̀ ju ibi tí kànga wà lọ. Bàbá ra sìmẹ́ǹtì, Akínbọ̀wálé àti àwọn ọkùnrin ilé gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n dí ṣáláńgá àtijọ́ pa, wọ́n fọ kànga, wọ́n sì da oògùn apakòkòrò sí i. Kí wọ́n tó parí, Felicia ní kí wọ́n máa se omi. Ìsíátù ní bí àwọn bá ń se gbogbo rẹ̀, kẹrosíìnì á tán nílé. Wọ́n wá fẹnu kò pé omi mímu ni kó ṣáájú, ti àwọn ọmọdé ní pàtàkì.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ aláró, gbogbo wọn jọ lọ sí káńsù. Olùkọ́ sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Ìsíátù ló sọ ohun tí ojú àdúgbò ń rí, wọ́n sì tẹ́tí sí i. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n káńsù mú kí ilé iṣẹ́ náà bo gọ́tà yẹn. Àwọn ará ilé ṣì ń bá ilé iṣẹ́ náà fà á lórí ibi tí omi náà ń ṣàn lọ. Sàfúrátù ní tirẹ̀ ti sanra, ó ti ń da òwú ìyá rẹ̀ rú.

Ẹ̀yin ará yunifásítì, ẹ máa bi aráàlú ní ohun tó ń dùn wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá rí òótọ́, ẹ gbé e padà fún wọn ní èdè tó yé wọn, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí nǹkan á fi yí padà. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ má fi ìtìjú dákẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ohun tí wọ́n rí nínú omi yín. Bí òótọ́ náà bá kan ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi ìfẹ́ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Bí ṣáláńgá bá sì wà nítòsí kànga yín, ẹ má dúró de yunifásítì kankan. Ẹ se omi mímu yín lónìí.