Àjà Wà Nílé, Ọkọ̀ Ti Lọ

Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó sì rí i pé àgbàlá ṣófo. Níbi tí ọkọ̀ wà láàárọ̀, kò sí nǹkan kan mọ́ àfi èérún fóòmù tó fi búrọ́ọ̀ṣì ha kúrò lára pátákó àjà inú ọkọ̀ náà, àti ipa táyà tó gba ẹnu géètì jáde.

"Tíṣà! Ọkọ̀ dà?"

Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dáhùn láti pálọ̀: "Ọkọ̀ wo? Ìwọ lo ní kí n má ṣílẹ̀kùn, kí eruku má bà lé aṣọ."

"Ẹ má ṣàwàdà. Wọ́n ti gbé e lọ!"

Lórí àga mẹ́rin ní pálọ̀ ni pátákó náà wà, tí aṣọ tuntun ara rẹ̀ ń dán, tí ihò tí wọ́n ń fi iná inú ọkọ̀ sí wà láàárín rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí aṣọ àtijọ́ ti já sílẹ̀, tó ń gbá Tíṣà ní fìlà bí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì fi pinnu láti fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Ọkọ̀ yìí ni ẹsẹ̀ Tíṣà. Láti ìgbà tí àrùn ti rọ ọ́ lápá kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìrìn. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn: bí wọ́n bá dáwọ́ dúró fún oṣù kan péré, ẹsẹ̀ náà yóò gan, kò sì ní ká mọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì ka ìwé tí Nọ́ọ̀sì fi ìkánjú kọ.

"Màmá, kí lẹ kọ síbí? 'Wọ́n jí ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n ajá rẹ̀ wà nílé.' Ajá ta ni?"

"Àjà, ọ̀gá. Àjà òkè ọkọ̀. Kì í ṣe èyí tó ń gbó."

"Ó yé mi. Ta ló fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yín?"

"Ẹnìkan péré. Onígọ́ọ̀mù tó ń kiri, tó ta gọ́ọ̀mù àti aṣọ àjà fún mi. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lánàá pé òun fẹ́ wọn inú ọkọ̀. Ó ní òun gbàgbé téèpù. Ó mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ, ó sì tó wákàtí kan kó tó padà dé."

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ tilẹ̀kùn. Ta ló ní kí ẹ tì í?"

Nọ́ọ̀sì mirí. "Òun náà ni. Ó ní kí n gbé pátákó wọlé, kí n má yọjú síta títí ọ̀sán."

Sájẹ́ǹtì pe nọ́ńbà ọkùnrin náà. Kò lọ.

"Ẹ má wulẹ̀ sunkún," ni Tíṣà wí nígbà tí wọ́n délé. "Ta ni yóò ra ọkọ̀ tí irin orí rẹ̀ wà níhòòhò? Olè yìí gbé ilé, ó gbàgbé àjà. Yóò wá àjà."

Nọ́ọ̀sì bẹ gbogbo àwọn tó ń ta àlòkù páàtì ọkọ̀ pé kí wọ́n máa bá òun ṣọ́ ẹni tó bá wá béèrè àjà. Ọjọ́ kẹfà, kò sí ìròyìn. Ọjọ́ kẹsàn-án, orúnkún òsì Tíṣà kọ̀, kò ká. Ọjọ́ kọkànlá ni Onípáàtì kan pè: ẹnìkan ń fi nọ́ńbà àjèjì wá àjà irú ọkọ̀ wọn gan-an.

Nọ́ọ̀sì pe Sájẹ́ǹtì, gbogbo wọn sì pàdé ní ṣọ́ọ̀bù náà. Tíṣà gba fóònù Onípáàtì, ó tẹ̀ ẹ́ pé: *Aja ti e n wa ti de. E wa wo o.*

Ó bojú jẹ́. "Fóònù yìí kò ní àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ sá jáde."

"Tíṣà, olè là ń dẹ, a kò ṣe ìdánwò," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Èsì dé kíá: *Se iho ina re wa laarin? Mo n bo.*

Nọ́ọ̀sì àti Sájẹ́ǹtì sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n tò jọ gègèrè. Tíṣà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi fìlà bojú bí ẹni tó ń tòògbé.

Ọkùnrin kan wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ kú ọjà o. Wọ́n ní kí n wá wo nǹkan."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ Sájẹ́ǹtì mú. "Ohùn rẹ̀ nìyẹn!"

Ìgúnpá Nọ́ọ̀sì gbá ilẹ̀kùn kan. Gbàràgàdà! Onígọ́ọ̀mù yí padà, ó sáré. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì kó bọ́ sí títì nígbà tí Tíṣà na ọ̀pá rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà. Olè dojú bolẹ̀ láàárín àwọn ògbólógbòó táyà.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Tíṣà wí láìṣí fìlà kúrò lójú. "Ẹsẹ̀ mi ló ń ṣàìsàn, ara ọ̀pá mi le."

Sájẹ́ǹtì fà á dìde. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ajá ni mo wá rà, ọ̀gá."

"Kí lo wí?"

"Ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé mi. Ẹ wo fóònù: a, j, a. Bí kì í bá ṣe ajá, ẹ fi àmì hàn mí níbẹ̀."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù páàtì?"

"Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi ni mo tẹ̀ lé."

"Kí ló dé tí o fi sá?"

"Mo gbọ́ ariwo. Mo rò pé ajá náà ti já ni."

Onípáàtì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ Sájẹ́ǹtì dẹ̀ lára olè. "Màmá, kò sí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ńkọ́?"

Tíṣà nìkan ni kò mira.

"Ó dáa, ọmọ mi. O ti ka tiwa. Ka èsì tí ìwọ fúnra rẹ kọ."

Olè gbé ojú kúrò lára fóònù.

"Kà á sókè!"

"Ṣé... ṣé ihò iná rẹ̀ wà láàárín..."

"Ajá wo," ni Tíṣà béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ni wọ́n lu ihò iná sí láàárín ara?"

Òógùn bo ojú Onígọ́ọ̀mù. Sájẹ́ǹtì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Dá a lóhùn. Tíṣà ń bi ọ́."

"Ẹ ṣàánú mi, bàbá. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì tó ti kógbá sílé ni ọkọ̀ wà. Mo ti kùn ún ní dúdú."

"Ọkọ̀ mélòó lo ti gbé báyìí?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Mẹ́ta. Ọṣẹ ni mo fi máa ń tẹ kọ́kọ́rọ́, kí n lè gé irú rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n tilẹ̀kùn nítorí eruku..."

"Eruku náà ti bà lé ọ," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì gbé pátákó àjà bọnú ọkọ̀ dúdú náà. Gbogbo ihò ìdè bá ara wọn mu bí ìdérí àti ìkòkò. Kódà ihò iná tí ó ṣèèṣì gé wọ́ díẹ̀ sápá òsì bọ́ sójú àyè. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọlé, ó fìdí lélẹ̀, ó wòkè. Nǹkan kan kò kan fìlà rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kò já mọ́."

"Ẹ pa ilẹ̀kùn dé, Tíṣà. Dókítà ń dúró de orúnkún yín."