Ọwọ́ Tó Ń Fa Ìlà

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, lọ́sàn-án gangan. Mi ò mutí, mi ò sì tòògbé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń ṣe àǹtẹ́nà. Kì í ṣe ọ̀pá gíga orí òrùlé o. Tiwa pẹlẹbẹ ni, irin bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ju èékánná lọ, tó ń wọ inú fóònù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Abẹ la fi ń gé e díẹ̀díẹ̀, títí ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà á fi jókòó síbi tó yẹ. Bí ìlà ò bá jókòó, àǹtẹ́nà ò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀tá wa ni àtẹ́lẹwọ́. Béèyàn bá ti dì í mú, ìlà á sún sápá òsì. Nítorí náà, ẹnì kan á dì í mú nínú yàrá onírin, yàrá kékeré tí kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò ìta wọlé, ẹnì kejì á máa wo ìlà níta. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló burú jù. Ọlọ́wọ́-Abẹ̀bẹ̀ ni mò ń pè é lẹ́yìn. Ìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi á tún wá máa fìka lu àǹtẹ́nà kí ìlà lè máa jó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ o!"

"Àbúrò, mò ń kọ́ ọ níjó ni."

Áà, ayé dùn nígbà yẹn.

Ti Màámi la dáwọ́ lé kẹ́yìn. Òòyì máa ń kọ́ wọn, àwọn nìkan ló sì ń gbé. A fẹ́ kí wọ́n ní nǹkan kékeré kan lọ́rùn tí wọ́n á tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú, kí fóònù wa lè dún. Ikú mú ẹ̀gbọ́n mi lọ ká tó parí ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé e lé fóòmù nínú yàrá onírin, mo tilẹ̀kùn, mo jáde. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìlà jókòó jẹ́ẹ́.

Ó sún sósì.

Mo ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́nì kankan. Mo tún tì í. Ìlà tún sún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Ẹ̀gbọ́n?"

Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ àárò rẹ̀ ló sọ mí jù. Mo mú abẹ, mò ń gé, mò ń wọlé, mò ń jáde, títí ìlà fi jókòó pẹ̀lú ọwọ́ yẹn lórí ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo ṣe: ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo gé e bá mu. Mo dì í mú fúnra mi, mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù mi ò dún. Irin tí wọ́n bá ti gé kì í hù padà.

Màámi ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ àwọn tó lọ ni, àfi kí n fún àwọn.

"Kò ṣiṣẹ́ o, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òmíràn."

"Mo gbọ́. Fi kọ́ mi lọ́rùn."

Mi ò tíì ṣe òmíràn tán tí fóònù mi fi dún.

Mo sáré débẹ̀. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n dojú bolẹ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì há sábẹ́ ikùn.

"Màámi, ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ gbé wọn.

"Rọra," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà lábẹ́ orí mi."