Líìnì Tó Ní Ilé Ló Wà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, mo sì ti jókòó tì í. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò, ọkọ rẹ̀ ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún un. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń tún aago ṣe. Ó ní awò kékeré kan tó máa ń há sí ojú kan, tó fi ń wo inú aago. Awò yẹn ni yóò há sójú láràárọ̀, yóò fi òwú sí abẹ́rẹ́ ìyàwó rẹ̀, yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Dúdú, ihò yìí tóbi tó géètì. Kí lò ń wò gan-an?"

"Ẹ ṣáà fi sí i. Ẹnu yín ló tóbi tó géètì."

Dúdú ni ìnagijẹ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé lókè òkun, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tọkọtaya yìí kò tíì sùn lábẹ́ òrùlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Ọkọ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni òwú tàsé ihò abẹ́rẹ́. Ìyàwó rí i. 

"Ṣé wàá máa pè mí?"

"Lójoojúmọ́."

"Wọ́n ní owó ìpè láti ọ̀hún ń gba ẹ̀mí èèyàn."

"Màá wá èyí tó pọ́ọ́kú. Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú wọn."

Ó sì wá a. Ṣọ́ọ̀bù tóóró kan wà nísàlẹ̀ ilé tí Dúdú ń gbé, láàárín ibi tí wọ́n ti ń gẹrun àti ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Fóònù àti líìnì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn káńtà gbọ́ èdè wa, inú obìnrin náà sì dùn bó ṣe gbọ́ "ẹ káàbọ̀, Màmá" lẹ́nu rẹ̀.

"Líìnì tẹ́ ẹ gbé wá láti ilé, ẹ yọ ọ́," ọkùnrin náà ní. "Tẹ́ ẹ bá fi pe ilé láti ibí, kẹ́ ẹ tó kí èèyàn tán, wọ́n ti gba gbogbo owó ọwọ́ yín. Mo ní òmíràn. Ti arìnrìn-àjò ni."

"Èló ni?"

Ó sọ ọ́. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, má fi àgbàlagbà ṣeré."

"Mi ò ṣeré, Màmá. Ohun tó jẹ́ kó pọ́ọ́kú ni pé ẹ̀rọ wọn kò ní kà yín sí àlejò níbí. Yóò kà yín sí ẹni tó wà nílé. Bí ìgbà tẹ́ ẹ wà ní yàrá, tẹ́ ẹ ń pe ọkọ yín tó wà ní pálọ̀."

"Ìyẹn dára."

Ọkùnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó béèrè ibi tí ilé wà. Ó wá béèrè pé, "Yàrá wo lẹ máa ń jókòó sí jù?"

Ìbéèrè yẹn ṣe é bákan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ́ọ́kú ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó ní yàrá tí òun ti ń ránṣọ ni, èyí tó kọjú sí ọ̀nà.

"Kí lẹ máa ń sọ tẹ́ ẹ bá ti ìta wọlé? Ẹ sọ ọ́ síbí." Ó na ẹ̀rọ kékeré kan sí i lẹ́nu.

"Ẹ kúulé o. Mo ti dé."

Ọkùnrin náà tẹ nǹkan kan. Ó ní ó ti parí.

Líìnì náà dára. Ó dára jù. Kò sí kíkùn, kò sí gígé. Bí ọkọ rẹ̀ bá mí, ó ń gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ àwọn aago ara ògiri bí wọ́n ṣe ń lù lẹ́yìn rẹ̀. Yóò jókòó sétí fèrèsé Dúdú, yóò gbé ọmọ lé àyà, yóò sì máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ tó fi gbé fóònù yóò fi kú tipiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

Tàkà-tàkà-tàkà. Ó dúró. Tàkà-tàkà.

Máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ni. Ibì kan wà tó ti máa ń há, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Kò sí máṣíìnì mìíràn tó ń há bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Dúdú, ta ló wà nídìí máṣíìnì mi?"



"Ìwọ náà gbọ́ ọ?" Ohùn ọkọ rẹ̀ ti wálẹ̀. "Láti àná ni. Mo rò pé etí mi ni."

"Ta lẹ gbà sílé?"

"Èmi nìkan ni mo wà nílé."

"Ẹ lọ wò ó."

Ó gbọ́ tí àga họ ilẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, fìrì, fìrì. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Máṣíìnì dákẹ́.

"Kò sí èèyàn."

"Ẹ jáde níbẹ̀. Ẹ jáde!"

"Ìyá Dúdú."

"Kí ló dé?"

"Àga rẹ gbóná."

Ó sọ fún Dúdú. Dúdú ń fún ọmọ lọ́mú, ó rẹ́rìn-ín.

"Màámi, eku ni."

"Eku ló ń ránṣọ?"

"Eku tó bá ti pẹ́ nílé yín ti mọ bátánì."

Ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde.

Nígbà tó tún pè, ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó kí òun tán. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó sá pamọ́.

"Ó wọlé nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní, 'Ẹ kúulé o, mo ti dé.' Mo ní káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé o ò sí nílé."



"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń wọ yàrá máṣíìnì lọ."

"Irú ẹ̀yìn wo?"

"Ẹ̀yìn rẹ ni, Ìyá Dúdú."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kúrò nílé. Ó ní kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó má wo ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ ní òun á lọ bílẹ̀ bá ti mọ́.

Kò lọ. Ohun tó sì kó jìnnìjìnnì bá obìnrin náà ju máṣíìnì lọ nìyí: nígbà tó pè lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù ò ba ọkọ rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ ti tutù. Ó ń fi ẹnu súfèé.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A ti jẹun."

"Ẹ̀yin àti ta?"

 Ó ní, "Mo ti fi òwú sí abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ó ní ẹnu mi tóbi."

"Ẹ gbọ́ mi. Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ Dúdú ni mo wà. Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, èmi kọ́."

 Àwọn aago ń lù.

"Ilé yìí dákẹ́ jù lẹ́yìn tó o lọ," ọkọ rẹ̀ ní. "O ò mọ bó ṣe rí. Màá sọ̀rọ̀, ògiri á máa wò mí. Ní báyìí, tí mo bá sọ̀rọ̀, o ń dá mi lóhùn."

"Ẹ kúrò nílé yẹn! Ẹ bá mi kúrò níbẹ̀!"

"Kí n wá fi ọ́ sílẹ̀ níbí?"

Ó sì pa fóònù.

Ó tún pè. Fóònù dún, ó dún, ẹnì kan gbé e. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

"Hẹ́lò?"

 Obìnrin náà mọ ohùn yẹn. Ohùn tirẹ̀ ni, pẹ̀lú ìkọ́ kékeré tó máa ń kọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Hẹ́lò, ta ni?"

Ó gbọ́ ọkọ rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. "Ta ló ń pè, Ìyá Dúdú?"

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà ni," ohùn náà ní, jẹ́ẹ́jẹ́.

Fóònù kú.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ṣọ́ọ̀bù tóóró náà ṣì wà níbi tó wà, ọkùnrin náà ṣì jókòó sẹ́yìn káńtà. Ó kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó wo obìnrin náà. Ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Màmá, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Òkè. Ilé ọmọ mi. Kí lo rí?"

"Ẹ̀rọ yìí ní ẹ wà nílé."

"Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

"Ohun tí mo kọ ni pé kí wọ́n máa gba owó ará ilé lọ́wọ́ yín. Èyí yàtọ̀. Ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí máṣíìnì. Ó ní ẹ ń ti fèrèsé."

"Gé líìnì náà kúrò. Gé e báyìí."

Ọkùnrin náà na ìka sí bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ níbí, Màmá. Tí mo bá gé e, mi ò mọ ẹni tí yóò kúrò nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Obìnrin náà já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe jáde, ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni.

Dúdú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bá ìyá rẹ̀ wá ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ kíákíá. Ó gbé ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ pè mí."

"Màá pè ọ́."

Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀ níwájú ilé lọ́jọ́ kejì. Alágbàfọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ń ká aṣọ lórí okùn. Ó rí i, ó sì pariwo.

"Háà, Ìyá Dúdú! Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Mo gbàgbé kí ni?"

"Bàbá Dúdú dà? Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọjá níbí lánàá pẹ̀lú báàgì, tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń lọ kí Dúdú àti ọmọ tuntun. Ẹ tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ àti ìyàwó tuntun." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wá wo obìnrin náà dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀rín náà dúró. Ó gbá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì wọlé. Kò tún yọjú mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ariwo kankan. Wọ́n ti gbálẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn. Lábẹ́ máṣíìnì, àjákù aṣọ funfun wà nílẹ̀, ìgékù apá ẹ̀wù tí kò tóbi ju ìka méjì lọ. Ẹ̀wù ọmọ jòjòló ni wọ́n gé níbẹ̀. Ó mú àjákù kan, ó wò ó. Bí òun náà ṣe máa ń gé e gẹ́lẹ́ ni.

Ó pe ọkọ rẹ̀. Kò wọlé. Ó pe Dúdú. Kò gbé e. Ó pè, ó pè. Ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn lórí níbi tó dúró sí, kò rántí tan iná. Níkẹyìn, Dúdú gbé e.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Màámi ni. Dúdú, gbọ́ mi, tí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, má ṣí i. Bó jẹ́ bàbá rẹ ni, bó jẹ́ èmi ni, má ṣí i."

 Obìnrin náà gbọ́ tí ọkọ tirẹ̀, Bàbá Dúdú, ń sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kan ní pálọ̀ Dúdú. Ó gbọ́ ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ohùn náà rọ̀, ó sì mọ orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún náà dé ìparí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́." Dúdú ti ń sunkún. "Mi ò mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe gba ohùn wọn. Màámi wà níbí. Wọ́n kàn lọ mú bàbá mi wá ni. Wọ́n gbé ọmọ mi dání, mò ń wò wọ́n báyìí."

"Dúdú."

"Ẹ má pè mọ́."

Kò pè mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ máa dẹ́rù ba ọmọ òun.

Ó ṣì ń gbé inú ilé náà. Àwọn oníbàárà ń wá, ó ń wọn aṣọ wọn, ó ń rán an, wọ́n ń sanwó, wọ́n ń lọ. Alágbàfọ̀ ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Líìnì náà wà nínú fóònù, kò fi káàdì sí i láti ìgbà yẹn, owó inú rẹ̀ kò sì tíì tán. Yàrá kan ló ń lò. Ó ti àwọn tó kù pa.