Nọ́ńbà Aago Mẹ́fà

Ọkùnrin náà dúró sínú odò títí dé orúnkún, ó ká ṣòkòtò sókè, òjò àkọ́rọ̀ ń pa á lórí, ó sì ń kí òpó kan káàárọ̀. Òpó irin ni, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí omi dé lára òpó náà, ó ní, "Mẹ́sàn-án. O ṣeun," ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ọ̀rá bò.

Obìnrin kan dúró ní bèbè lábẹ́ agboòrùn, ó ń wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti rò pé ní gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ló máa ń bá ohun tí kò lè fèsì sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ojú tì í.

"Ẹ má bínú sí mi," obìnrin náà ní. "Ṣé ó máa ń dá yín lóhùn?"

"Bó bá wù ú ni. Tí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀, á kàn máa ga sí i."

Obìnrin náà tún rẹ́rìn-ín, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa wọn odò. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, á wọnú omi, á ka nọ́ńbà, á kọ ọ́ sínú ìwé ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́, á wá gòkè lọ sí ìdí afárá láti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó kan tí gbogbo àgbẹ̀ etí odò ń wò kí wọ́n tó relé. Bí nọ́ńbà bá ń gòkè, wọ́n á kó ẹrù wọn kúrò létí omi. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ará ìlú ń pè é ní Ọkọ Odò, wọ́n ní kò sí obìnrin tó máa gbà láti jẹ́ ìyàwó kejì fún omi. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá wọnú yàrá rẹ̀ lọ, níbi tí àga ti jẹ́ ẹyọ kan, tí àwo jẹ́ ẹyọ kan, tí ife náà sì jẹ́ ẹyọ kan. Ó dá wà, kò sí orúkọ míì tí a lè pè é.

Arìnká ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí afárá. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì, bó bá sì di ọjọ́ keje, á rìn. Ó mọ ọ̀nà inú igbó, ó mọ òkè olókùúta, ó mọ adágún tó wà ní ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ sí ìlú. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, tòmátì ló ń gbìn sétí odò, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá dé láti ìrìn rẹ̀, tó ní igi kan ti yọ òdòdó lórí òkè, ohun tí bàbá máa ń sọ kò ju "hùn" lọ. Gbogbo ohun tí ojú Arìnká rí lọ́dọọdún, inú rẹ̀ náà ló ń kú sí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gba etí odò padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ó dúró. Ó béèrè bí ara ìyàwó ṣe le.

"Ó ti ń sanra," Ọkọ Odò ní. "Mọ́kànlá ló wà lónìí."

Ìyẹn ni Arìnká fi jókòó sórí òkúta, tó sì ròyìn gbogbo ọ̀nà tó rìn fún un. Ọkùnrin náà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àfi ìgbà tó bá fẹ́ mọ̀ sí i. Irú ẹyẹ wo? Ẹ̀gbẹ́ ibo lodò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbà ṣàn? Nígbà tí Arìnká délé lọ́jọ́ yẹn, ó rí i pé ebi ń pa òun, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ Àìkú rí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ ń rìn. Láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àyè wà. Nígbà tí òjò pọ̀, wọ́n wọ igbó lọ wo olú tó hù yí ìdí igi ká, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrẹ̀, "ẹ" sì di "o" láàárín wọn láìsẹ́ni tó kíyè sí i. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n gun òkè olókùúta. Nígbà tí koríko ga ju orí ènìyàn lọ, labalábá ń fò níwájú wọn, Arìnká ń pe ọkùnrin náà ní ọ̀lẹ nítorí pé kò lè gun òkè láìmí hẹlẹ, òun náà ń pe Arìnká ní ewúrẹ́ orí àpáta. Àmọ́ bó bá ti ń di aago mẹ́rin, Ọkọ Odò á gbójú sókè wo oòrùn, á ní, "Olólùfẹ́ mi, ó ti tó." Arìnká kórìíra aago mẹ́rin ju bó ṣe kórìíra abẹ́rẹ́ tó kán lọ.

Ohun kan wà tí kò tíì fi hàn án. Ní ìparí òjò, fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lékèélékèé máa ń wá sùn sórí igi etí adágún, ìgbà tí oòrùn bá sì ń wọ̀ ni wọ́n ń dé. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí wọn kó tún wà létí odò ní aago mẹ́fà.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo," Arìnká ní. "Ọjọ́ kan nínú ọdún mọ́kànlá. Ṣé ó pọ̀ jù?"

Odò ti dúró sórí mẹ́rìnlá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, Ọkọ Odò ṣí ìwé, ó kọ mẹ́rìnlá sí àyè ìrọ̀lẹ́ tí ìrọ̀lẹ́ kò tíì dé. Ó kọ ọ́ sára pátákó pẹ̀lú. Arìnká dúró tì í, ó rí i, kò sọ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn ju kó sọ̀rọ̀ lọ.

Wọ́n jókòó sí bèbè adágún. Àwọn ẹyẹ náà kọ́kọ́ dé ní méjì méjì, wọ́n wá pọ̀ débi pé igi funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi náà sì funfun nísàlẹ̀ wọn. Ọkọ Odò di ọwọ́ Arìnká mú. Ó ní òun kò mọ̀ pé ènìyàn lè dúró létí omi kó má bi í ní nọ́ńbà rẹ̀.

Àmọ́ òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà, omi ti dé mọ́kàndínlógún lára òpó, kò sì sẹ́ni níbẹ̀ láti rí i. Bàbá Arìnká ti ká gbogbo tòmátì ọdún náà, ó ti tò ó sínú ogójì apẹ̀rẹ̀ sétí odò de ọkọ̀ akẹ́rù tó máa wá kó o ní ìdájí. Ó gba ìdí afárá kọjá, ó wo pátákó, ó rí mẹ́rìnlá. Ó fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó relé lọ sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni kò fura. Àwọn àgbẹ̀ ní omi ló ṣàdéédéé wá lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ní odò kì í bá ènìyàn mulẹ̀. Arìnká sáré wá bá Ọkọ Odò létí omi.

"Má sọ ọ́," ó ní. "Mo bẹ̀ ẹ́. Tó o bá sọ ọ́ fún bàbá mi, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì parí nìyẹn."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, kí ni wọ́n á máa kà lára pátákó láti òní lọ?"

Arìnká bú sẹ́kún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó wọn omi tán, Ọkọ Odò lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà, ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò bu iyọ̀ sí i. Bàbá béèrè ẹni tí wọ́n jọ lọ. Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, Arìnká ti sọ ọ́ látẹnu ọ̀nà pé òun ni.

"Oko mi ni mo fi lé ọ lọ́wọ́ láti ọdún mọ́kànlá wá," bàbá ní, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ròkè. "Dìde. Má wá sílé yìí mọ́."

Arìnká náà gbọ́ràn, kò lọ bá ọkùnrin náà létí odò mọ́, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á. Ó rí bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa àjákù apẹ̀rẹ̀ nínú koríko, ó sì mọ̀ pé òun náà lọ́wọ́ sí i.

Wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ ti Ọkọ Odò pẹ́. Ó gba gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi báírò fa ìlà la nọ́ńbà irọ́ náà, ó kọ "A kò wọ̀n ọ́n" sókè rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ọyẹ́ dé, odò fà sẹ́yìn, òkúta yọrí. Ọkùnrin náà kì í bá òpó sọ̀rọ̀ mọ́. Á wọn omi, á kọ ọ́, á gòkè, á relé.

Arìnká ṣì ń rìn lọ́jọ́ Àìkú. Iná ti jó koríko orí òkè, eruku bo ewé, adágún ti sá kúrò lẹ́bàá igi. Ó máa ń rí nǹkan kan, bóyá òkéré tó gbé èso sáré kọjá, ọkàn rẹ̀ á fò láti sọ ọ́, á wá rántí. Ìdánìkanwà tó ti ń bá a gbé tẹ́lẹ̀ kò dùn ún tó èyí, nítorí pé kò tíì mọ bí níní ẹnìkejì ṣe rí nígbà yẹn. Bó bá ń padà, á dúró níwájú pátákó ìdí afárá, á ka ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ̀: mẹ́jọ, méje, mẹ́fà. Kò sí lẹ́tà míì tí ọkùnrin náà lè kọ sí i.

Nígbà tí òjò tún ń ṣú, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì. Ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ sábẹ́ afárá, ó ní àwọn ń gbé ọkùnrin tó purọ́ fún wọn lọ sí ibi tó jìnnà, ẹlòmíràn á rọ́pò rẹ̀, kí inú wọn dùn. Ọkọ Odò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ilẹ̀. Arìnká wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń gbọ́.

Bàbá rẹ̀ ló dìde.

"Ọ̀gá, ẹni tí ẹ fẹ́ gbé wá yìí, a ò mọ̀ ọ́n. Tó bá purọ́, a ò ní mọ̀. Eléyìí purọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó rí i, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé mi wá sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo fi ń lọ wo òpó yẹn lẹ́yìn rẹ̀, mi ò bá a nídìí irọ́ kankan. Èmi tí mo pàdánù ni mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa."

Ọ̀gá náà wo ojú àwọn tó kù. Wọ́n ń mi orí. Ó ká lẹ́tà ìyípadà ibi iṣẹ́ tó mú wá, ó tì í bọ àpò.

Nílé, bàbá jẹun tán, ó ní ilé àwọn kò jìnnà sódò, pé bí ẹnì kan bá fẹ́ wá kí àwọn, kó ṣáà ti rí i pé aago mẹ́fà ti kọjá.

Ọkọ Odò wá ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Bàbá gba ìkí rẹ̀, ó sì wọlé, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níwájú ilé.

"Iṣẹ́ mi ò ní jẹ́ kí n bá ẹ dé ibi tó o fẹ́ràn jù," ọkùnrin náà ní. "O rí ohun tí ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo dá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mi á máa dá rìn nígbà púpọ̀ ni. Mo ní kí n sọ ìyẹn ná kí n tó béèrè ohun tí mo wá béèrè."

"Mo ti ń dá rìn kí n tó mọ̀ ẹ́," Arìnká dáhùn. "Ìrìn ò pa mí lára rí. Ohun tó ń pa mí ni kí n délé, kí n má rẹ́ni sọ ọ́ fún. Béèrè, jọ̀ọ́."

Ó béèrè. Arìnká ti gbà kí gbólóhùn náà tó parí.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan, ní aago mẹ́wàá, ìgbà tí kò sí wíwọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó tuntun wọ bàtà rẹ̀, ó jáde lóun nìkan. Àwọn obìnrin àdúgbò fojú tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣe háà sábẹ́lẹ̀, wọ́n ní a ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàwó kejì náà ni. Ó gba inú igbó, ó gun òkè, ó dé adágún, ó dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ó ti kọjá aago mẹ́fà dáadáa nígbà tó padà. Ọkọ rẹ̀ ti wọn omi, ó ti kọ nọ́ńbà, ó jókòó sí bèbè odò dè é. Arìnká jókòó tì í, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Wá gbọ́ ohun tí mo rí létí adágún."

Ọkùnrin náà ní rárá o, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé, kó má sì fo ohunkóhun.